Ẹ Má Lé Yorùbá Jáde ní Kíláàsì Àgbà

Ẹni tó bá ti pé ọmọ ogójì ọdún kí ó tó jókòó ti ìwé Gẹ̀ẹ́sì kò bá eré wá. Ó fẹ́ ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn ọmọ rẹ̀. Ó fẹ́ mọ ohun tó ń fọwọ́ sí ní báńkì. Ó fẹ́ lè dìde nínú ìpàdé àwọn òbí àti olùkọ́, kí ó sọ tẹnu rẹ̀, kí ojú má tì í. Ó ti jí ní kùtùkùtù, ó ti ta ọjà tàbí ó ti tún ọkọ̀ ṣe títí ilẹ̀ fi ṣú, síbẹ̀ ó gbé ìwé dání, ó wá sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùkọ́ kan máa ń pàdé lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú òfin kan: "Níbí o, ẹ ò gbọdọ̀ sọ Yorùbá."

Òfin yìí ni mo fẹ́ ta kò. Àwọn tó ń ṣe é rò pé ó ń mú kí ẹ̀kọ́ yá. Èmi sọ pé òun gan-an ló ń fa ẹ̀kọ́ sẹ́yìn. Àgbà tó gbọ́ Yorùbá dáadáa ti mọ gírámà kan láti ìpìlẹ̀ dé òkè, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe ẹ̀yà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ara gírámà tó mọ̀ yẹn ló yẹ kí a ti kọ́ ọ ní èyí tí kò mọ̀. Olùkọ́ tó bá lé Yorùbá síta ti ju ọkọ́ sígbó, ó wá ń fi ọwọ́ lásán kọ ebè.

Ẹ jẹ́ ká wo bí a ṣe ń kọ́ wọn. Olùkọ́ á kọ ọ́ sójú pátákó pé "A noun is the name of any person, animal, place or thing." Àwọn bàbá àti ìyá á máa kà á tẹ̀lé e bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹ padà bi wọ́n lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n á kà á fún yín láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí ọ̀kan nínú wọn fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé òun ra àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta lánàá, ahọ́n á wúwo. Ó ti há ìtumọ̀ "noun" sórí, kò sì rí nǹkan kan fi ṣe. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀kọ́ gírámà. Àkàsórí lásán ni.

Àwọn tó fara mọ́ òfin náà a máa sọ pé bẹ́ẹ̀ ni ọmọdé ṣe ń kọ́ èdè, pé kò sẹ́ni tó ń túmọ̀ nǹkan fún ọmọ ọwọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ ń gbọ́ èdè láti ìgbà tó bá ti jí títí tó fi máa sùn, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò ní gbèsè, kò sì ní ọmọ tó ń dúró de oúnjẹ rẹ̀. Bí kíláàsì àgbà bá ń wáyé lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, fún wákàtí méjì-méjì, wákàtí 6 péré ni akẹ́kọ̀ọ́ máa lò nídìí Gẹ̀ẹ́sì nínú wákàtí 168 tó wà nínú ọ̀sẹ̀ kan. Wákàtí 162 tó kù, Yorùbá ni yóò máa fi rà, òun ni yóò máa fi tà, òun náà ni yóò máa fi gbàdúrà. Ẹni tó bá retí pé kí wákàtí mẹ́fà ṣe iṣẹ́ tí gbogbo ìgbà èwe ń ṣe fún ọmọdé ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ohun tí àgbà ní tí ọmọdé kò ní ni òye: ó lè gbé nǹkan méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ó rí ibi tí wọ́n ti jọra àti ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yẹn ni kí olùkọ́ lò.

Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ àgbà á ní, "I buy cement yesterday." Olùkọ́ á pariwo pé, "Bought!" Ó parí. Kò sọ ìdí rẹ̀. Ìdí rẹ̀ sì rèé: nínú Yorùbá, "rà" kì í yí padà nítorí ìgbà. "Mo ra sìmẹ́ǹtì lánàá," "mo ń ra sìmẹ́ǹtì," "mo ti ra sìmẹ́ǹtì," "mo máa ra sìmẹ́ǹtì": ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ṣáájú rẹ̀, ìyẹn "ń," "ti" àti "máa," ló ń sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Olùkọ́ tó bá mọ èyí ti ní afárá mẹ́ta lọ́wọ́. "Ti" yóò mú akẹ́kọ̀ọ́ dé ìdí "have" àti "has": "mo ti rà á," "I have bought it." "Ń" yóò mú un dé ìdí "am," "is" àti "are" pẹ̀lú "-ing." "Máa" yóò mú un dé ìdí "will." Ibi tí kò sí afárá ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí kò ní ohunkóhun níwájú. Kí olùkọ́ là á mọ́lẹ̀ pé bí ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá tó ń sọ ohun tí èèyàn ṣe, bíi rà, tà, jẹ àti lọ, bá dá dúró, ohun tó ti kọjá ló sábà máa ń tọ́ka sí, Gẹ̀ẹ́sì sì gbọ́dọ̀ yí tirẹ̀ padà: bought, sold, ate, went. Èyí tó bá ń sọ ipò tí èèyàn wà, bíi mọ̀ àti fẹ́, lè dá dúró kí ó sì jẹ́ ti ìsinsìnyí: "mo fẹ́ omi," "I want water." "I buy" tí akẹ́kọ̀ọ́ wa sọ yẹn, "mo máa ń rà" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ìṣẹ́jú ogún tó fún àlàyé yìí. Kò ní jẹ́ kí àṣìṣe tán lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, akẹ́kọ̀ọ́ mọ ohun tó ń wá.

Bákan náà ni ìbéèrè. A ní, "Ṣé o lọ?" Gẹ̀ẹ́sì ní, "Did you go?" Ibi tí "ṣé" dúró sí ni "did" dúró sí. Ohun tó kù kí a fi kún un ni pé "did" ti gbé ẹrù ìgbà tó kọjá, nítorí náà "go" kò ní gbé e mọ́. Ẹni tó sọ pé "Did you went?" kì í ṣe òmùgọ̀, ẹrù kan náà ló gbé ru èèyàn méjì.

Ẹ wá wo "he" àti "she." Gbogbo wa la ti gbọ́ ẹni tó sọ nípa ìyá rẹ̀ pé "He is sick," tí àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Kí ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín? "Ó" kan ṣoṣo ni Yorùbá ní fún ọkùnrin, fún obìnrin àti fún igi. Ohun tí arọ́pò-orúkọ wa ń ṣọ́ kì í ṣe akọ tàbí abo, ọ̀wọ̀ ni. Ìdí nìyí tí ẹlòmíràn fi máa ń sọ nípa bàbá rẹ̀ nìkan pé "They are coming." "Wọ́n ń bọ̀" ló wà lọ́kàn rẹ̀, kò lè fẹnu ara rẹ̀ pe bàbá rẹ̀ ní "ó." Olùkọ́ tí kò ronú kan èyí á fi bírò pupa fa ìlà sí i. Olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n á sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ má bínú, bàbá, Gẹ̀ẹ́sì kò ní 'ẹ' àti 'wọ́n' tí a fi ń bu ọlá. 'You' tí wọ́n ń pe ọmọ ọdún mẹ́ta náà ni wọ́n ń pe àgbàlagbà. Ibòmíràn ni wọ́n ń fi ọ̀wọ̀ tiwọn sí: inú 'please,' inú 'sir,' inú 'could you.'" Ọkàn bàbá náà á balẹ̀, nítorí kì í ṣe àìmọ̀ ló ń fà á sẹ́yìn, ẹ̀kọ́ ilé ni.

Èyí tí a kì í sábà kà kún ni ìparí ọ̀rọ̀. Nínú Yorùbá, kò sí sílébù tí kọ́ńsónáǹtì ń parí. Ìdí nìyí tí "bread" fi di búrẹ́dì lẹ́nu wa, tí "ball" di bọ́ọ̀lù, tí "film" sì di fíìmù. Ẹ wá wo ibi tí Gẹ̀ẹ́sì kó púpọ̀ nínú gírámà rẹ̀ sí: ìparí ọ̀rọ̀ náà ni! "S" tó ń sọ ìwé kan di ìwé púpọ̀, "s" tó wà nínú "he works," "ed" tó sọ iṣẹ́ di ti àná nínú "worked," gbogbo wọn ló fara pamọ́ sí ibi tí etí àti ahọ́n wa kì í dúró dè. Akẹ́kọ̀ọ́ tó sọ pé "He work here" lè ṣàìmọ òfin. Ó sì lè jẹ́ pé kò gbọ́ "s" náà rí ni. A lè pariwo títí ohùn á fi há, etí kò ní gbọ́ ohun tí kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun wá. Kí olùkọ́ kọ "work" àti "works" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ojú rí i. Kí ó máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí akẹ́kọ̀ọ́ na ọwọ́ nígbà tó bá gbọ́ èkejì. Kí ó sọ fún wọn ní Yorùbá pé ìparí ọ̀rọ̀ ni kí wọ́n tẹ́tí sí. Iṣẹ́ etí yìí, iṣẹ́ gírámà ni.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì rò pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni mo ń sọ, kí ó gbé èyí yẹ̀ wò. Ká ní nọ́ọ̀sì fi Gẹ̀ẹ́sì bi ìyá kan pé, "You have not given the baby this medicine today?" Ìyá náà kò tíì fún un. Lédè Yorùbá, bí wọ́n bá ní, "Ẹ ò tíì fún ọmọ ní oògùn yìí lónìí?" ìdáhùn tó tọ́ ni, "Bẹ́ẹ̀ ni, mi ò tíì fún un." Ohun tí olùbéèrè sọ là ń gbè lẹ́sẹ̀. Nítorí náà, ìyá náà dáhùn pé, "Yes." Ṣùgbọ́n nínú Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni "yes" àti "no" ń tẹ̀lé, kì í ṣe ohun tí olùbéèrè sọ. "No" ló yẹ kí ìyá náà sọ. "Yes" tirẹ̀ lè mú kí nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ ti lo oògùn. Ẹ gbé irú ìbéèrè kan náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tàbí kóòtù: "You did not sign this paper?" "Yes, sir." Ẹni tí kò fọwọ́ sí ìwé ti fi ẹnu ara rẹ̀ fọwọ́ sí i. Olùkọ́ tí kò gbé Yorùbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kò ní mọ̀ pé kòtò wà níbẹ̀, ká má tíì sọ pé yóò kìlọ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Kì í ṣe ìmọ̀ tuntun ni mo gbé dé. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ní ọdún 1822, tó sì kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ilẹ̀ Sàró, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní London ní ọdún 1843. Ó gbé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Yorùbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó sì fi àlàyé gírámà Yorùbá sí i. Ọkùnrin yìí gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì débi pé ó di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864. Kò rò pé Yorùbá yóò ba Gẹ̀ẹ́sì òun jẹ́. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní iṣẹ́ wọn yòókù fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó dá dúró, lọ́wọ́ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn ẹgbẹ́ wọn, wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní ọdún 1977 náà fọwọ́ sí i pé kí a fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọdé. Mo mọ̀ pé ọmọdé ni gbogbo èyí ń sọ. Ṣùgbọ́n bí Yorùbá kò bá pa Gẹ̀ẹ́sì ọmọ tí èdè tirẹ̀ kò tíì gbó lẹ́nu, báwo ni yóò ṣe pa ti àgbà tó ti fi Yorùbá ronú fún ogójì ọdún?

Ẹlòmíràn á ní, "Èkó ńkọ́? Nínú kíláàsì kan náà, Ègùn wà níbẹ̀, Hausa wà níbẹ̀, Igbo wà níbẹ̀." Ìbéèrè gidi nìyẹn. Olùkọ́ kan kò lè gbọ́ gbogbo èdè. Ṣùgbọ́n ó lè béèrè pé, "Báwo lẹ ṣe ń sọ ọ́ lédè tiyín?" kí ẹni kọ̀ọ̀kan sì fi tirẹ̀ wé Gẹ̀ẹ́sì. Ìlànà náà kò yí padà: ohun tí èèyàn mọ̀ la fi ń kọ́ ọ ní ohun tí kò mọ̀.

Mi ò sì sọ pé kí olùkọ́ máa fi Yorùbá sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Ẹni tó fẹ́ mọ odò wẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ inú omi. Kí Yorùbá ṣe àlàyé, kí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìdánrawò, kí ìdánrawò sì pọ̀ ju àlàyé lọ. Àwọn kan tún ní kí a fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ fún àgbà pátápátá, kí ìjọba máa tẹ fọ́ọ̀mù ní Yorùbá. Ó wù mí bẹ́ẹ̀. Kí àgbà kọ́kọ́ mọ Yorùbá kà, ó wù mí pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ìwé ilẹ̀ tí wọ́n gbé síwájú ẹnì kan lónìí, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Kò lè ní kí wọ́n dúró dìgbà tí ìjọba bá ṣe tán.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Bí ìyá yín bá pe ẹ̀gbọ́n yín obìnrin ní "he," ẹ má sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀ láàárín ọ̀rẹ́. Òfin Yorùbá ló tẹ̀lé, kò sì ṣì í. Gẹ̀ẹ́sì dídán mọ́rán tí ẹ ń sọ, owó ọjà tí wọ́n fi Yorùbá tà la fi san án.

Ẹ̀yin òbí, àṣìṣe nínú èdè àjèjì kì í ṣe àbùkù. Bí òyìnbó tó ń kọ́ Yorùbá bá pe ọkọ̀ ní ọkọ, ẹ̀rín ìfẹ́ la máa ń rín sí i, a ó ní ó gbìyànjú. Ìyọ́nú tí a ní fún àlejò, kí ló dé tí a kò ní in fún ara wa? Ẹ bi olùkọ́ yín léèrè ìdí tí nǹkan fi rí bó ṣe rí. Owó yín ni, àkókò yín ni.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ọwọ́ yín ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Ìpàdé òbí àti olùkọ́ tí gbogbo èèyàn inú rẹ̀ gbọ́ Yorùbá, tí a sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan ṣe, ti pa àwọn òbí kan lẹ́nu mọ́ kí àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ tó parí. Kí a dá èdè méjèèjì pọ̀ níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tí yóò bá kọ́ àgbà ní Gẹ̀ẹ́sì nílẹ̀ Yorùbá kọ́kọ́ kẹ́kọ̀ọ́ gírámà Yorùbá fúnra rẹ̀. Ìwé kò wọ́n: ti Ayọ̀ Bámgbóṣé ti wà láti ọdún 1966, ti Ọládélé Awóbùlúyì sì ti wà láti ọdún 1978. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà lápò ṣòkòtò. Kí gbólóhùn tí a ó máa fi kọ́ wọn wá láti ọjà, láti ilé ìwòsàn àti láti báńkì, kì í ṣe láti inú ìwé àwòrán ọmọdé. Kí a sì fa òfin ẹnu ọ̀nà yẹn ya. Àgbà tó bá dé, ẹ ní kí ó wọlé tòun ti èdè rẹ̀, kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.